Kọ̀ǹpútà Ọwọ́ Amòòkùn

Ta ni amòòkùn?

Ọ̀sà wà ní Àjàṣẹ́. Ọ̀sà wà ní Èkó pẹ̀lú. Ní ọ̀sà Èkó, àwọn ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti bu yanrìn ní ìsàlẹ̀ omi. Wọ́n á tukọ̀ lọ sí àárín ọ̀sà. Wọ́n á mí sínú dáadáa, wọ́n á di èémí mú, wọ́n á sì rì lọ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Kò ní pẹ́ tí orí wọn á tún yọ sókè. Wọ́n ti bu yanrìn bọ̀.

Ẹni tí ó bá ń rì sínú omi báyìí, ó ń mòòkùn. Amòòkùn ni orúkọ rẹ̀.

Àwọn amòòkùn mìíràn wà tí wọn kì í di èémí mú. Wọ́n máa ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Láti inú àgbá náà ni wọ́n ti ń fi ẹnu fa afẹ́fẹ́. Nítorí náà, wọ́n lè pẹ́ ní ìsàlẹ̀ omi. Àwọn kan ń lọ wo ẹja. Àwọn kan ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Àwọn kan ń wọ inú ihò àpáta tí ó wà lábẹ́ omi, tàbí inú ọkọ̀ tí ó ti rì tipẹ́.

Àwọn tí ń mòòkùn fún ìgbádùn kì í sábà kọjá mítà 40. Mítà 40 kì í ṣe kékeré. Igi ìrókò tí ó ga dáadáa ni ó lè tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ni amòòkùn ibú.

Amòòkùn ibú máa ń so kọ̀ǹpútà kékeré kan mọ́ ọrùn ọwọ́. Ó dà bí aago, ṣùgbọ́n kì í ṣe aago lásán. Ó ń ka ohun kan tí ojú kò rí, tí ara kò sì mọ̀. Kí ni nǹkan náà?

Omi ń tẹ ara

Omi wúwo. Ọmọ tí ó bá ti ru garawa omi láti odò dé ilé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà ní ìwúwo tirẹ̀. Ó ń tẹ ara gbogbo ènìyàn lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ènìyàn lára.

Bí ènìyàn bá rì sínú òkun, omi tí ó wà lókè orí rẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ṣe ń jìn sí i ni omi á ṣe máa tẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí a kà á:

Lórí ilẹ̀, ìtẹ̀ náà jẹ́ 1.
Ní mítà 10 nínú òkun, ó di 2.
Ní mítà 20, ó di 3.
Ní mítà 30, ó di 4.
Ní mítà 40, ó di 5.

Mítà 10 kọ̀ọ̀kan ń fi 1 kún un.

Bí omi bá ṣe ń tẹ amòòkùn tó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ó ń fà láti inú àgbá rẹ̀ ṣe ń ki tó. Ní mítà 30, èémí kan ṣoṣo kó afẹ́fẹ́ tí ó tó ti èémí mẹ́rin lórí ilẹ̀.

Kí ni ó wà nínú afẹ́fẹ́ náà? Bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 78 jẹ́ gáàsì tí à ń pè ní náítírójìn. Nǹkan bí 21 jẹ́ ọ́síjìn. Ọ́síjìn ni ara ń lò. Ara kò lo náítírójìn. Ènìyàn á mí i sínú, á sì tún mí i síta.

Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ omi, nǹkan yí padà. Náítírójìn á wọ inú ẹ̀jẹ̀. Á wọ inú iṣan. Á wọ inú ọ̀rá. Á sì jókòó síbẹ̀. Kò dun amòòkùn. Amòòkùn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ó bá ṣe jìn tó, tí ó sì pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni náítírójìn náà á ṣe pọ̀ tó.

Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò

Wo ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọn kò tíì ṣí. Gáàsì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò rí i. Ìdérí ni ó há a mọ́.

Bí ẹnì kan bá ṣí ìgò náà lójijì, ó di ṣùúù! Ìfófó á ru sókè, ọtí á sì dà sílẹ̀. Bí ó bá ṣí i díẹ̀díẹ̀, gáàsì á rọra jáde. Ọtí kò ní dà.

Ara amòòkùn dà bí ìgò náà. Omi tí ń tẹ̀ ẹ́ ni ìdérí. Bí amòòkùn bá sáré gòkè, bí ẹni ṣí ìdérí lójijì ni. Náítírójìn tí ó wà lára rẹ̀ á di ìfófó kéékèèké nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú oríkèé.

Ìfófó yìí burú. Ó lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Awọ ara á máa yún un. Èjìká àti orúnkún á máa ro ó. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rọ, ó sì lè kú. Àrùn amòòkùn ni èyí.

Àwọn tí ń bu yanrìn ní ọ̀sà kì í sábà ní àrùn yìí. Èémí kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lọ, wọn kì í sì í pẹ́ nísàlẹ̀. Náítírójìn kì í ráyè pọ̀ lára wọn. Ẹni tí ó gbé àgbá afẹ́fẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bẹ́ẹ̀ náà ni gígòkè láti inú ibú rí. Ẹ̀sọ̀ ni.

Àwọn ewúrẹ́ Haldane

Báwo ni àwọn ènìyàn ṣe mọ bí ó ṣe yẹ kí amòòkùn gòkè?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Scott Haldane. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ewúrẹ́ sínú yàrá irin kan. Wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Wọ́n fún afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ títí ó fi ń tẹ àwọn ewúrẹ́ náà bí ìgbà tí wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ òkun.

Lẹ́yìn náà, wọ́n tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá yára tú u, àwọn ewúrẹ́ mìíràn á máa tiro. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, nítorí pé ó ń dùn wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá tú u bí ó ṣe yẹ, tí wọ́n ń dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà, nǹkan á sàn.

Ní ọdún 1908, Haldane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí ohun tí wọ́n rí. Àtẹ ìṣirò wà nínú rẹ̀. Àtẹ náà ń sọ fún amòòkùn pé: bí o bá dé ibi báyìí, tí o sì lo ìṣẹ́jú báyìí, dúró ní ibi báyìí kí o tó gòkè.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ni àwọn amòòkùn ń lò. Ṣùgbọ́n àtẹ kò ní ojú. Kò mọ̀ bí amòòkùn bá jìn ju bí ó ti wí lọ. Kò mọ̀ bí ó bá gòkè díẹ̀ tí ó tún padà sísàlẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe ṣe kọ̀ǹpútà tí ó lè bá amòòkùn lọ.

Ọkùnrin tí ó wà nínú ọkọ̀ tí ó rì

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé ní òkun ilẹ̀ Nàìjíríà. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà rì lọ sí nǹkan bí mítà 30.

Ọkùnrin tí ń se oúnjẹ fún wọn bọ́ sínú yàrá kan tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣẹ́ kù sí. Ó dúró nínú òkùnkùn àti òtútù fún nǹkan bí wákàtí 60. Àwọn amòòkùn tí wọ́n wá gbé òkú ni wọ́n bá a láàyè. Òun nìkan ni ó yè.

Ó ń fẹ́ jáde. Àwọn amòòkùn náà ń fẹ́ gbé e jáde. Ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ fà á gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ tí ó ń mí fún wákàtí 60 ti kó náítírójìn púpọ̀ sí i lára. Bí wọ́n bá ti fà á jáde bẹ́ẹ̀, ó lè kú.

Wọ́n gbé e wọ yàrá irin bíi ti Haldane. Ìtẹ̀ inú yàrá náà dà bí ti ìsàlẹ̀ òkun. Wọ́n wá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Nígbà náà ni ó tó jáde, tí ó sì lọ sílé.

Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe

Kọ̀ǹpútà ọwọ́ amòòkùn ń wo nǹkan méjì: bí omi ṣe ń tẹ̀ tó, àti bí àkókò ṣe ń lọ. Láti ara méjì yìí ni ó ti ń ṣírò náítírójìn tí ó ṣeé ṣe kí ó wà lára amòòkùn. Ó ń tún un ṣírò ní gbogbo ìgbà tí amòòkùn wà lábẹ́ omi. Kì í sinmi.

Gbogbo ibi ara kọ́ ni ó ń yára kún bákan náà. Mú igbá kan àti akèrègbè kan. Tì wọ́n bọ inú odò. Igbá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ á kún kíákíá. Akèrègbè tí ẹnu rẹ̀ kéré á pẹ́ kí ó tó kún. Bí o bá fẹ́ da omi inú wọn nù, igbá á tètè gbẹ, akèrègbè á pẹ́. Ara náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dà bí igbá. Ọ̀rá dà bí akèrègbè.

Dókítà kan ní ilẹ̀ Switzerland, Albert Bühlmann, ṣe ìṣirò kan tí ó pín ara sí ọ̀nà 16, láti èyí tí ó yára jù dé èyí tí ó lọ́ra jù. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà amòòkùn ń lo ìṣirò rẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣírò tán, ó máa ń kọ èsì sójú rẹ̀. Ó ń sọ bí amòòkùn ṣe jìn tó. Ó ń sọ ìṣẹ́jú tí ó ti lò. Ó ń sọ ibi tí ó gbọ́dọ̀ dúró sí, àti ìṣẹ́jú tí yóò fi dúró níbẹ̀. Bí amòòkùn bá ń sáré gòkè, kọ̀ǹpútà á kìlọ̀ fún un.

Báwo ni amòòkùn ibú ṣe ń yan kọ̀ǹpútà?

Oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà ni ó wà lọ́jà. Àwọn kan lẹ́wà. Àwọn kan wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n ẹwà kò gba ènìyàn là nínú ibú. Àwọn ìbéèrè tí amòòkùn tí ó gbọ́n ń béèrè nìyí.

*1. Ṣé ó mọ gáàsì ju ẹyọ kan lọ?*
Àgbá kan kò tó amòòkùn ibú. Láti nǹkan bí mítà 30 lọ sísàlẹ̀, náítírójìn a máa pa ènìyàn bí ọtí. Orí á fò lọ, amòòkùn lè máa rẹ́rìn-ín láìnídìí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi gáàsì mìíràn tí ń jẹ́ hẹ́líọ̀mù rọ́pò díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí amòòkùn bá ti ń sún mọ́ òkè, ó lè fa ọ́síjìn nìkan, kí náítírójìn lè tètè jáde lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fa ọ́síjìn nìkan níbi tí ó jìn ju mítà 6 lọ, gìrì lè mú un. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ gáàsì inú àgbá kọ̀ọ̀kan.

*2. Ṣé ó rọrùn láti kà?*
Òkùnkùn wà nínú ibú. Omi lè dọ̀tí. Nọ́ńbà tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tóbi, kí ó sì mọ́lẹ̀.

*3. Ṣé bọ́tìnnì rẹ̀ rọrùn láti tẹ̀?*
Omi ibú tutù. Amòòkùn máa ń wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn. Bí bọ́tìnnì bá kéré jù, ìka kò ní rí i tẹ̀.

*4. Irú bátìrì wo ni ó ń lò?*
Àwọn kan ń lo bátìrì tí a lè rà ní ọjà. Àwọn kan ni à ń fi iná sí bíi fóònù. Ẹni tí ó ń lọ sí ibi tí kò sí iná mànàmáná gbọ́dọ̀ ro èyí dáadáa.

*5. Ṣé ó lè dé ibi tí amòòkùn ń lọ?*
Ẹni tí ó ṣe kọ̀ǹpútà máa ń kọ iye mítà tí ó lè dé. Amòòkùn kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀.

*6. Ṣé ènìyàn lè fi ìṣọ́ra kún un?*
Kọ̀ǹpútà tí ó dára máa ń gbà kí ẹni tí ó ni ín sọ fún un pé: jẹ́ kí n dúró pẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹni tí ó ti dàgbà tàbí tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le nílò èyí.

*7. Ṣé èkejì wà?*
Bátìrì lè kú. Omi lè wọ inú kọ̀ǹpútà. Lórí ilẹ̀, bí aago bá dúró, a lè béèrè àkókò lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nínú ibú, ta ni a ó bi? Nítorí náà, amòòkùn ibú máa ń mú kọ̀ǹpútà méjì lọ, tàbí kí ó kọ ètò rẹ̀ sára wàláà kékeré kan, kí ó sì mú aago àti ohun tí ń wọn jíjìn omi dání.

Nǹkan kan tún wà. Kọ̀ǹpútà máa ń rántí. Bí amòòkùn bá wọ omi láàárọ̀, tí ó sì tún fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ náítírójìn tí ó ṣẹ́ kù. Nítorí náà, ènìyàn méjì kì í lo kọ̀ǹpútà kan náà ní ọjọ́ kan náà. Kò lè rántí ara ẹlòmíràn.

Ohun tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀

Kọ̀ǹpútà gbọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun gbogbo ni ó mọ̀.

Kò mọ̀ bóyá òtútù ń mú amòòkùn. Kò mọ̀ bóyá kò sùn dáadáa lóru. Kò mọ̀ bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Òtútù àti àárẹ̀ lè mú kí ara má lè tú náítírójìn sílẹ̀ bí ó ṣe yẹ.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò sì mọ gáàsì tí ó wà nínú àgbá. Ohun tí amòòkùn bá sọ fún un ni ó gbà. Bí amòòkùn bá fi àgbá kan sẹ́nu, tí ó sì sọ fún kọ̀ǹpútà pé òmíràn ni, kọ̀ǹpútà kò ní bá a jiyàn. Yóò ṣe ìṣirò tí kò tọ́, yóò sì kọ ọ́ sójú bí ẹni pé òótọ́ ni. Nítorí náà, kí amòòkùn tó wọ omi, ó máa ń fi ohun èlò kan yẹ gáàsì inú àgbá kọ̀ọ̀kan wò. Lẹ́yìn náà, ó máa ń kọ orúkọ gáàsì náà sára àgbá, gàdàgbà.

Paríparí rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò lè di amòòkùn lọ́wọ́ mú. Ó lè kọ ọ́ sójú pé, "Dúró níbí fún ìṣẹ́jú 20." Òtútù lè máa mú amòòkùn. Ebi lè máa pa á. Ó lè máa wo ìmọ́lẹ̀ oòrùn lókè, kí ọkàn rẹ̀ máa fà sí i. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu láti dúró.

Nítorí náà, kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí ó wọ́n jù ni ó dára jù. Èyí tí amòòkùn kọ́ dáadáa lórí ilẹ̀, tí ó lè kà nínú òkùnkùn, tí ó sì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, òun ni ó dára jù.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

*Amòòkùn:* ẹni tí ń rì sí ìsàlẹ̀ omi, tí ó sì ń jáde padà.
*Ibú:* ibi tí omi jìn gan-an.
*Ìtẹ̀:* bí omi tàbí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ara.
*Àtẹ ìṣirò:* ìwé tí a to nọ́ńbà sí, tí a fi ń mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe.
*Oríkèé:* ibi tí eegun méjì ti pàdé, bíi orúnkún.
*Wàláà:* pátákó kékeré tí à ń kọ nǹkan sí.

Dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Gáàsì wo ni ó máa ń jókòó sínú ara amòòkùn?
2. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ bí amòòkùn bá sáré gòkè?
3. Kí ni àwọn ewúrẹ́ Haldane ń ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń dùn wọ́n?
4. Kí ló dé tí wọn kò fa ọkùnrin inú ọkọ̀ náà gòkè lẹ́ẹ̀kan náà?
5. Kí ló dé tí ènìyàn méjì kì í lo kọ̀ǹpútà kan náà?
6. Ní mítà 40, ìtẹ̀ jẹ́ 5. Mélòó ni yóò jẹ́ ní mítà 60?
7. Dárúkọ nǹkan méjì tí kọ̀ǹpútà amòòkùn kò mọ̀.

Ṣe é wò

Kí olùkọ́ mú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì wá. Kí ó ṣí ọ̀kan lójijì. Kí ó ṣí èkejì díẹ̀díẹ̀. Èwo ni ó fi ìfófó dà sílẹ̀ jù? Sọ fún ẹnì kejì rẹ bí èyí ṣe jọ amòòkùn tí ń gòkè.